ẸLẸ́RÌÍ NI FÓÒNÙ TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ WA

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ sọ lórí ìwọ́de, íntánẹ́ẹ̀tì àti ọwọ́ ìjọba

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàháábà rẹ̀ lápapọ̀.



Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ lónìí kò rọrùn. Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ipa tí àwọn ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Facebook, WhatsApp, TikTok àti X, èyí tí à ń pè ní Twitter tẹ́lẹ̀, ń kó nínú ìwọ́de àwọn ará ìlú, àti bí ìjọba ṣe ń na ọwọ́ wọ inú wọn láti pa ènìyàn lẹ́nu mọ́. Mo mọ ìdí tí ẹ fi bèèrè. Láti ìgbà ìwọ́de tí àwọn ènìyàn ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 lórí ebi àti ọ̀wọ́n-gógó ọjà ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń wá bá mi lẹ́yìn ìrun pé: "Àlùfáà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a fi ohun tí ojú wa rí ránṣẹ́ lórí fóònù? Ṣé kí a dákẹ́ ni?" Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òbí yín ń wá pé: "Ẹ bá wa sọ fún àwọn ọmọ yìí, kí wọ́n má lọ fi fóònù kó wa sí wàhálà."

Èmi kò ní sọ fún yín pé kí ẹ dákẹ́. N kò sì ní sọ fún yín pé kí ẹ máa sọ ohun gbogbo tí ó bá ti wá sí yín lẹ́nu. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò ju ẹyọ kan lọ: fóònù tí ó wà lọ́wọ́ yín ti sọ olúkúlùkù yín di ẹlẹ́rìí, agbára ẹlẹ́rìí kò sì sí níbòmíràn bí kò ṣe nínú òtítọ́ rẹ̀. Ìjọba tí ó bá di ẹlẹ́rìí lẹ́nu ń ṣe àbòsí. Ẹlẹ́rìí tí ó bá sì ń jẹ́rìí èké, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń bá irú ìjọba bẹ́ẹ̀ wá okùn tí yóò fi di àwọn olódodo lẹ́nu.

DÍDI ẸNU KÒ BẸ̀RẸ̀ LÓNÌÍ

Ẹ̀yin tí a bí sí ayé fóònù lè rò pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìjọba ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ̀rọ̀ ẹnu jà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari gbé òfin kan jáde tí a mọ̀ sí Dẹkiríì Kẹrin. Kì í ṣe irọ́ nìkan ni òfin náà fi ìyà sí. Ó fi ìyà sí ìròyìn tí ó bá lè kó ẹ̀gàn bá ìjọba tàbí òṣìṣẹ́ rẹ̀, ìbá à jẹ́ òtítọ́. Oníròyìn méjì láti iléeṣẹ́ ìwé-ìròyìn The Guardian, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, lọ sí ẹ̀wọ̀n lábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé ìdìbò ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 1993, ìjọba ológun ti àwọn iléeṣẹ́ ìwé-ìròyìn bíi Concord àti Punch pa. Àwọn oníròyìn kan wá ń ṣe iṣẹ́ wọn ní kọ̀rọ̀, wọ́n ń sùn níbí lónìí, wọ́n ń sùn lọ́hùn-ún lọ́la. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹfà, ọdún 1996, wọ́n yìnbọn pa Alhaja Kudirat Abiola ní Èkó. Rédíò tí àwọn tí ó sá lọ sí òkè òkun fi ń bá ilé sọ̀rọ̀ sì gba orúkọ rẹ̀, ó di Radio Kudirat. Wọ́n rò pé ohùn náà ti dákẹ́, àṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa lọ láti ilé dé ilé ni.

Ìyàtọ̀ kan ni ó wà láàárín ìgbà náà àti ìsinsìnyí. Nígbà náà, bí ìjọba bá ti ilé ìtẹ̀wé mẹ́ta pa, ọ̀rọ̀ dínkù nílùú. Lónìí, ilé ìtẹ̀wé wà nínú àpò olúkúlùkù. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé nínú ilé ìtẹ̀wé àtijọ́, olóòtú kan wà tí ó máa ń bèèrè pé, "Ta ni ó sọ ọ́? Ta ni ó rí i?" kí ìwé tó jáde. Ẹ̀yin ni olóòtú ara yín báyìí. Bí ẹ kò bá bèèrè, kò sí ẹni tí yóò bèèrè.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI ÍJÍBÍTÌ

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlùfáà ilẹ̀ Yorùbá ni ó kàwé ní Al-Azhar ní ìlú Káírò, nítorí náà ọ̀rọ̀ Íjíbítì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì fún wa. Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹfà, ọdún 2010, àwọn ọlọ́pàá méjì wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Khaled Said jáde láti inú ilé tí wọ́n ti ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ní ìlú Alẹkisáńdíríà, wọ́n sì lù ú pa. Àwọn aláṣẹ ní oògùn olóró ni ó gbé mì tí ó fi fún un lọ́rùn. Ṣùgbọ́n àwòrán ojú rẹ̀ tí wọ́n fi fóònù yà ní ilé ìgbókùúsí jáde síta, ẹni tí ó bá sì wò ó kò ní bèèrè mọ́ bóyá lílù ni tàbí oògùn. Wael Ghonim, ọmọ Íjíbítì tí ó ń bá iléeṣẹ́ Google ṣiṣẹ́ ní Dubai, dá ojú-ìwé kan sílẹ̀ lórí Facebook, ó pè é ní "Gbogbo Wa Ni Khaled Said". Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn darapọ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí àwọn ará Tùnísíà lé ààrẹ wọn, Ben Ali, kúrò nílùú ní ọjọ́ 14, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2011, ojú-ìwé yìí àti àwọn ọ̀dọ́ mìíràn pe ìwọ́de fún ọjọ́ 25 oṣù kan náà, ọjọ́ tí ìjọba Íjíbítì yà sọ́tọ̀ láti fi yẹ́ àwọn ọlọ́pàá sí. Èrò tí ó jáde kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni rò. Ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 28, ìjọba Hosni Mubarak mú kí àwọn iléeṣẹ́ tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì já a. Láàárín àkókò díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè náà ni ó ṣókùnkùn. Fóònù alágbèéká pàápàá dákẹ́.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ náà. Àwọn ènìyàn ti péjọ sí mọ́sáláṣí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí Facebook. Bí wọ́n ti sálámà tán ni wọ́n gba ojú pópó. Ẹni tí ó ti ń jókòó wo ìròyìn nílé kò rí nǹkan wò mọ́, ó jáde láti lọ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìyá tí kò gbúròó ọmọ rẹ̀ lórí fóònù jáde láti lọ wá a. Nígbà tí ìjọba yóò fi dá íntánẹ́ẹ̀tì padà ní ọjọ́ 2, oṣù kejì, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àjọ OECD ṣírò rẹ̀ pé àdánù ọjọ́ márùn-ún náà tó mílíọ̀nù 90 dọ́là Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 11, oṣù kejì, Mubarak kúrò lórí àga lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ó lé díẹ̀.

Kí a tó yọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí a wo ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Ní ọdún 2013, àwọn ológun tún gba ìjọba. Ní ọdún 2018, Íjíbítì ṣe òfin kan tí ó sọ pé ẹnikẹ́ni tí iye àwọn tí ń tẹ̀ lé e lórí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti ju 5,000 lọ, ojú oníléeṣẹ́ ìròyìn ni ìjọba yóò máa fi wò ó, wọ́n sì lè dí ojú-ìwé rẹ̀ pa. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ìjọba náà ń kọ́ ẹ̀kọ́: ó ti mọ̀ pé jíjá íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń ru èrò sókè, nítorí náà ó fi òfin rọ́pò rẹ̀. Ìkejì ni pé íntánẹ́ẹ̀tì lè pe ènìyàn jọ ní ọ̀sán kan, ṣùgbọ́n kò lè bá wọn tún ìlú ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jọ tán. Iṣẹ́ sùúrù ni èyíinì, ó sì ń fẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún.

TI WA NÍ NÀÌJÍRÍÀ

Ní ọdún 1992 ni wọ́n dá ẹ̀ka ọlọ́pàá tí a mọ̀ sí SARS sílẹ̀ láti gbógun ti àwọn adigunjalè. Nígbà tí ó yá, àwọn tí ó yẹ kí ó máa lé olè wá di ẹni tí àwọn ọ̀dọ́ ń sá fún. Bí ọ̀dọ́ bá ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, ó di afurasí. Bí ó bá ru irun, ó di afurasí. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n mú lọ síbi ẹ̀rọ ìpọwó láti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún 2017 ni àwọn ènìyàn ti ń kó ìrírí wọn jọ sórí Twitter lábẹ́ àmì #EndSARS. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ọdún 2020, fídíò kan jáde láti ìlú Ughelli ní ìpínlẹ̀ Delta, àwọn ènìyàn sì tú jáde káàkiri orílẹ̀-èdè.

Ẹ rántí bí ìwọ́de náà ti rí ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Kò ní olórí kan pàtó. Orí fóònù ni wọ́n ti ń dá owó, orí fóònù ni wọ́n ti ń wá agbẹjọ́rò fún ẹni tí wọ́n mú, orí rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pe ọkọ̀ fún ẹni tí ó fara pa. Àwọn Mùsùlùmí kírun Jímọ̀ níbi ìwọ́de, àwọn Kirisitẹni ṣe ìsìn tiwọn ní ọjọ́ Àìkú. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kéde pé a ti tú SARS ká.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 20 dé. Àwọn sójà lọ sí tóògéètì Lẹ́kí ní alẹ́, wọ́n sì yìnbọn níbi tí àwọn ọ̀dọ́ jókòó sí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí gidigidi. Orí Twitter ni àwọn ológun ti kọ́kọ́ pe ìròyìn náà ní ìròyìn òfegè. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ní àwọn lọ síbẹ̀ lóòótọ́, pé ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó pe àwọn. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ìgbìmọ̀ olùwádìí, ọ̀gá ológun kan jẹ́wọ́ pé ọta ìbọn gidi wà lọ́wọ́ àwọn sójà pẹ̀lú èyí tí kò ní ọta nínú. Kí ni ó mú ọ̀rọ̀ wọn yí padà báyìí? Fóònù ni. Obìnrin akọrin tí a mọ̀ sí DJ Switch ṣe àfihàn ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní tààrà lórí Instagram, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń wò ó bí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti ẹlẹ́rìí wọ̀nyí ni, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni à bá máa kà nínú ìwé títí di òní.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ìgbìmọ̀ olùwádìí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀ gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde pé àwọn ènìyàn kú ní Lẹ́kí. Ìjọba ìpínlẹ̀ kọ apá tí ó pọ̀ nínú ohun tí ìgbìmọ̀ náà sọ nípa ikú náà. Ìjiyàn lórí iye ẹni tí ó kú kò tán. Nínú irú ìjiyàn báyìí ni ẹ̀rí òtítọ́ ti máa ń níye lórí, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀rí èké ti máa ń ba nǹkan jẹ́ jù.

"IRÚ RẸ̀ ṢẸLẸ̀"

Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, ẹnì kan fi àwòrán òkú mẹ́ta sínú ẹgbẹ́ WhatsApp mọ́sáláṣí wa pé òkú Lẹ́kí ni wọ́n. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa, àwọn kan nínú wọn sì ń sunkún. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó mọ bí a ṣe ń wá ìpìlẹ̀ àwòrán wá a lọ, ó rí i pé ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún púpọ̀ ṣáájú, àti pé ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti yà á. Nígbà tí a sọ èyí fún ẹni tí ó fi ránṣẹ́, ó dáhùn pé: "Bí kò bá tilẹ̀ jẹ́ òun, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ọ̀rọ̀ yìí léwu ju àwòrán náà lọ. Irú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ìyá kan wà ní ibì kan tí ọmọ rẹ̀ kú lóòótọ́. Ní ọjọ́ tí ìyá náà bá dé iwájú àwọn tí yóò dá ẹjọ́, ẹni tí ó fẹ́ sẹ́ ikú ọmọ rẹ̀ kò ní wá àwíjàre jìnnà. Àwòrán èké mẹ́ta náà ni yóò mú jáde, yóò ní: "Ẹ wò ó, irọ́ ni wọ́n ń pa láti ìbẹ̀rẹ̀." Ẹni tí ó rò pé òun ń ran olóògbé lọ́wọ́ ti jí ẹ̀rí olóògbé gbé. Àwọn iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fúnra wọn kò bọ́ nínú ìdàrúdàpọ̀ yìí. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹ̀rọ Facebook àti Instagram lẹ ìwé irọ́ mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí ń sọ òtítọ́ nípa EndSARS, títí tí iléeṣẹ́ náà fi tọrọ àforíjì.

Irọ́ orí fóònù máa ń gba ẹ̀mí pẹ̀lú. Ní ọdún 2018, BBC ṣe ìwádìí lórí àwòrán òfegè tí ó káàkiri lórí Facebook nígbà ìpànìyàn oṣù kẹfà ọdún náà ní ìpínlẹ̀ Plateau, àwọn ọlọ́pàá sì sọ pé àwòrán wọ̀nyí bu epo sí iná ìjà. Nítorí náà, bí ìjọba bá ní òun ń bẹ̀rù irọ́, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù náà nídìí.

Àwa Mùsùlùmí kò sì nílò kí ìjọba kọ́ wa ní èyí. Sùúrà Al-Hujurat, ẹsẹ̀ kẹfà, ti pa á láṣẹ fún wa pé kí a wádìí ìròyìn tí ẹni tí kò ṣeé gbọ́kàn lé bá mú wá, kí a má baà ṣe àwọn ènìyàn níbi nínú àìmọ̀, kí a wá máa kábàámọ̀. Sùúrà An-Nisai, ẹsẹ̀ kẹtàlélọ́gọ́rin, bá àwọn tí ń sáré tú ìròyìn ìbẹ̀rù ká wí kí wọ́n tó dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n nínú Sùúrà An-Nisai kan náà, ní ẹsẹ̀ karùndínlógóje, Ọlọ́hun ní kí a dúró gbọn-in lórí déédéé, kí a jẹ́ ẹlẹ́rìí nítorí Rẹ̀, kódà bí ẹ̀rí náà bá ta ko àwa fúnra wa. Kí a má gba èké, kí a má sì fi òtítọ́ pamọ́: àṣẹ méjèèjì jọ ń lọ ni. Ẹni tí ó bá mú ọ̀kan tí ó sì ju èkejì nù kò tíì ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe.

ÌJỌBA TÍ Ó TI ILẸ̀KÙN

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a yíjú sí ìjọba. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè yìí gba àṣẹ ilé ẹjọ́ láti gbẹ́sẹ̀ lé àkáǹtì 20 tí ó ní í ṣe pẹ̀lú ìwọ́de EndSARS. Oṣù kejì ọdún 2021 ni wọ́n tó tú wọn sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 1, oṣù kẹfà, ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari, ẹni kan náà tí Dẹkiríì Kẹrin jáde lábẹ́ rẹ̀, fi ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan sórí Twitter fún àwọn tí ń da ìlú rú, ó sì mẹ́nu ba ogun abẹ́lé. Ó ti di olóògbé, kì í ṣe láti bú òkú ni a fi ń sọ èyí, ìtàn ni. Iléeṣẹ́ Twitter pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ 4, iléeṣẹ́ ìjọba fún ètò ìròyìn kéde pé òun ti dá Twitter dúró ní Nàìjíríà, orí Twitter náà sì wà lára ibi tí wọ́n ti kéde rẹ̀. Ní ọjọ́ 5, àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù tì í pa. Agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba, Abubakar Malami, ní kí wọ́n gbé ẹni tí ó bá tún lò ó lọ sí ilé ẹjọ́. Ó lé ní oṣù méje kí wọ́n tó ṣí i, ní ọjọ́ 13, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2022.

Ta ni ó jìyà rẹ̀? Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń fi Twitter ta aṣọ, bàtà àti oúnjẹ ni. Àwọn tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ òṣèlú gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọ́n ń lo VPN, ètò tí í mú kí fóònù ṣe bí ẹni pé orílẹ̀-èdè mìíràn ni ó wà. Ní ọjọ́ 14, oṣù keje, ọdún 2022, ilé ẹjọ́ àjọ ECOWAS dájọ́ pé ohun tí ìjọba ṣe kò bá òfin mu.

Àwọn ará wa ní ìwọ̀-oòrùn mọ ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, nígbà tí àwọn ará Togo ń wọ́de ta ko ìjọba Faure Gnassingbé, ìjọba já íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Ilé ẹjọ́ ECOWAS dá Togo lẹ́bi ní oṣù kẹfà ọdún 2020. Ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, níbi tí àwọn ọmọ Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà, ìjọba gbé owó orí kan jáde ní oṣù keje ọdún 2018: sẹ́fà márùn-ún lórí mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá fi wo Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ kọ̀ ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà, nígbà tí yóò fi di oṣù kẹsàn-án ìjọba ti fagi lé e. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìdìbò, ọjọ́ 28, oṣù kẹrin, ọdún 2019, íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ ní Benin.

Òfin tún wà tí kì í pariwo. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2015 ní abala kan, abala 24, tí ó gbòòrò débi pé ọ̀rọ̀ tí ó bí aláṣẹ nínú lè gbé ènìyàn dé àtìmọ́lé. Àwọn oníròyìn àti ọ̀dọ́ tí wọ́n ti fi mú kò kéré. Wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2024, wọ́n dín ẹnu rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n eyín ṣì wà ní ẹnu náà. Ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi lábẹ́ rẹ̀ lè ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí kí ó san mílíọ̀nù méje náírà.

Ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti gbé ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ pa irọ́ tí ó fa ikú lọ sí ilé ẹjọ́. Kò ní ẹ̀tọ́ láti di gbogbo ìlú lẹ́nu nítorí rẹ̀, kò sì ní ẹ̀tọ́ láti máa yọjú wo inú ilé onílé. Àwọn onímọ̀ ń ròyìn pé ní òru ọjọ́ kan, Káálífà Umar (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) gbọ́ ohùn nínú ilé kan ní Madina, ó gun ògiri wọlé, ó sì bá onílé nídìí ọtí. Ọkùnrin náà dáhùn pé bí òun bá ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Umar ti ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: ó ṣe amí, kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kò sì kí onílé. Umar gbà pé òtítọ́ ni, ó sì fi í sílẹ̀. Bí Umar ti tó Umar, ó gbà pé ìfura kò sọ ògiri di ẹnu ọ̀nà.

Bí ìjọba bá sì fẹ́ kí irọ́ dínkù, ọ̀nà rẹ̀ kò ṣòro: kí ó máa sọ òtítọ́ ní kíá. Inú òkùnkùn ni àgbọ́sọ ti ń gbilẹ̀. Nígbà tí wọ́n já íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tí wọ́n sẹ́ ohun tí ènìyàn fi ojú rí, ẹni tí ó ń pa irọ́ nìkan ni ó kù tí ó ń rí nǹkan sọ.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Èkíní, kí o dúró kí o tó fi ránṣẹ́. Bèèrè pé: Ta ni ó rí i? Ọjọ́ wo ni? Ibo ni? Bí kò bá sí ìdáhùn, jẹ́ kí ó kú sọ́wọ́ rẹ. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́.

Èkejì, bí ó bá jẹ́ ìwọ ni o rí i, tọ́jú rẹ̀ bí ẹ̀rí. Má gé e, má fi orin sí i, má fi kún un. Sọ ọjọ́, àkókò àti ibi tí o ti yà á, kí o sì fi èyí tí o kọ́kọ́ yà pamọ́ sí ibi tí ó ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ̀kẹta, dáàbò bo ẹlòmíràn. Ojú ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ nínú fídíò lè di ohun tí wọn yóò fi wá a dé ilé. Bo ojú rẹ̀ kí o tó gbé e síta.

Ẹ̀kẹrin, bí o bá ti fi irọ́ ránṣẹ́ láìmọ̀, padà sí ibi tí o fi í sí, kí o sọ níbẹ̀ pé kì í ṣe òtítọ́. Pípa á rẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́ kò tó. Ó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ.

Ẹ̀karùn-ún, mọ ẹ̀tọ́ rẹ. Abala 39 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa fún ọ ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò rẹ, abala 40 sì fún ọ ní ẹ̀tọ́ láti péjọ ní ìrọ̀rùn. Ní nọ́ńbà agbẹjọ́rò kan lọ́wọ́ kí wàhálà tó dé.

Ẹ̀kẹfà, má jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ parí sórí fóònù. Gba káàdì ìdìbò. Lọ sí ìpàdé àdúgbò. Bèèrè lọ́wọ́ alága ìjọba ìbílẹ̀ rẹ ohun tí ó fi owó ìlú ṣe. Àwọn ará Íjíbítì ti fi hàn wá pé ojú pópó nìkan kò tó.

Sí ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àlùfáà ẹgbẹ́ mi: ẹ má ṣe pe gbogbo ọmọ tí ó gbé fóònù sókè ní ọmọ ìta. Ní ọjọ́ 1, oṣù kọkànlá, ọdún 2024, wọ́n kó àwọn tí wọ́n mú níbi ìwọ́de oṣù kẹjọ wá sí ilé ẹjọ́ ní Àbújá, ọ̀pọ̀ ọmọdé sì wà láàárín wọn. Díẹ̀ nínú wọn ṣubú lulẹ̀ níwájú adájọ́. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ya fídíò rẹ̀. Orílẹ̀-èdè rí i, ó figbe ta, láàárín ọjọ́ mélòó kan Ààrẹ Bola Tinubu sì pàṣẹ pé kí wọ́n dá àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fi àbùmọ́ kún fídíò náà, kò sì sí ẹni tí ó lè sẹ́ ẹ. Bí ẹ̀rí òtítọ́ ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí ẹni tí ó yà á bá ti jẹ́ ẹni tí a mọ̀ mọ irọ́, ta ni ìbá gbà á gbọ́?

ÌKÁDÌÍ Ọ̀RỌ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kò bẹ̀ yín kí ẹ fi fóònù sílẹ̀. Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ lò ó bí ẹni tí yóò dúró níwájú adájọ́ ayé lónìí, tí yóò sì dúró níwájú Ọba Adákẹ́dájọ́ lọ́la. Ìjọba á wá, ìjọba á lọ. Ìkànnì tí ó wà lónìí lè má sí mọ́ lọ́la. Ẹ̀rí tí a jẹ́ ni yóò kù.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ahọ́n tí ń sọ òtítọ́ àti ọkàn tí kì í yára gba èké. Kí Ó fi ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó kú láìṣẹ̀ ṣe ìdí ìdájọ́ òdodo ní ilẹ̀ yìí. Kí Ó fi àwọn aláṣẹ tí yóò fẹ́ gbọ́ òtítọ́ jẹ lé wa lórí. Àmín.